Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Irinṣẹ́ alápapọ̀ ńlá, ṣé ó yẹ oní-zémíján (alùpùpù akérò) Zongo ní Parakou?
Ní 1983 ni Tim Leatherman ará Amẹ́ríkà gbé irinṣẹ́ alápapọ̀ rẹ̀ wọ ọjà: ẹ̀mú tó ká ọ̀bẹ àti sukudiráfà sínú èèkù. Surge, ọ̀kan nínú àwọn ńlá tí ilé-iṣẹ́ Leatherman ń ṣe, kó irinṣẹ́ 21 jọ, ó sì wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 350. Ó ń gé wáyà, ó ń tú síkúrù. Ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò sípánà, nítorí ẹ̀mú á kàn jẹ etí nọ́ọ̀tì ni. Ẹ lè sọ pé mẹkáníìkì kò jìnnà ní Zongo. Òótọ́ ni, nínú Parakou. Bí wáyà bá já lọ́nà N'Dali lálẹ́ ńkọ́? Ìgbà yẹn ni irinṣẹ́ yìí wúlò. Ṣùgbọ́n nítorí ìwúwo rẹ̀, ẹ má so ó mọ́ bẹ́líìtì o. Ẹ fi í sábẹ́ ìjókòó alùpùpù, kí sípánà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.