Òṣùwọ̀n Àgbọ̀n Ọmọdé àti Títo Eyín

Gbogbo Yorùbá ni ó mọ̀ pé èjí kì í ṣe àbùkù. Àjèjì lè rí àlàfo náà kí ó fẹ́ dí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bí sí Mọ̀pà ní ilẹ̀ Ọ̀kún mọ̀ pé ẹwà ni. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àgbọ̀n rí: kí a tó sọ pé ojú ọmọ kan kò gún, ó yẹ kí á béèrè òṣùwọ̀n tí a fi wọ̀n ọ́n.

Oníṣègùn tí yóò to eyín kì í wo eyín nìkan. Egungun tí eyín dúró lé ni ó ń kọ́kọ́ wọ̀n. Ní ọdún 1931, Broadbent ní Amẹ́ríkà àti Hofrath ní Jámánì gbé ọ̀nà yíya àwòrán egungun orí láti ẹ̀gbẹ́ jáde. Lórí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni Steiner, ará Amẹ́ríkà, gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ ní 1953. A ó fa ìlà láti àárín egungun tí ọpọlọ jókòó lé wá sí gbòǹgbò imú. Láti ibẹ̀ a ó fa ìlà méjì sísàlẹ̀, ọ̀kan sí àgbọ̀n òkè, èkejì sí ti ìsàlẹ̀. Igun ti òkè jẹ́ digírì 82, ti ìsàlẹ̀ 80.

Ojú àwọn aláwọ̀ funfun ni a fi ṣe òṣùwọ̀n yìí. Àwọn oníṣègùn Nàìjíríà tí wọ́n wọn ojú àwọn ènìyàn wa rí i pé àgbọ̀n wa sábà máa ń yọ síwájú ju bẹ́ẹ̀ lọ, eyín iwájú sì ń tẹ̀ síta. Bí a bá fi òṣùwọ̀n òkèèrè nìkan wọn ọmọ Mọ̀pà, a lè yọ eyín mẹ́rin tí kò ní àrùn, láti tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

Ìgbà náà tún ṣe pàtàkì. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ a máa dàgbà pẹ́ ju ti òkè lọ. Ìgbà tí ọmọ bá ń yára ga, ní nǹkan bí ọdún 12 fún obìnrin àti 14 fún ọkùnrin, ni òun náà ń yára gùn. Bí ó bá kéré jù, ìgbà yìí ni ó dára jù láti ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá tóbi jù tí ó sì gba iṣẹ́ abẹ, a sábà máa ń dúró kí ìdàgbà parí.

Olùkọ́ ní Mọ̀pà kò nílò ẹ̀rọ kankan láti ṣèrànwọ́. Kí ó wọn gíga àwọn ọmọ ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí òbí bá mú ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn tàbí Èkó, ìwé náà yóò fi han oníṣègùn bóyá ìdàgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ tàbí ó ti ń lọ sópin.