Àwọn Tí Ń Wọn Èéfín Inú Ọjà

Ní ọdún 2007, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n lọ ra ìpékeré ànàmọ́ òyìnbó ti ilé-iṣẹ́ Walkers bá ohun àjèjì pàdé lára ọ̀rá rẹ̀: àmì ipasẹ̀ ènìyàn kan, pẹ̀lú iye tí í ṣe gíráàmù 75. Ìwọ̀n ìpékeré kọ́ ni iye náà, bí kò ṣe ti èéfín kábọ́ọ̀nù, agòkè-má-kígbe, tí ó ti rú sí ojú ọ̀run nítorí ọ̀rá kan ṣoṣo yẹn, láti orí ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ fọ́n sí oko títí dé orí iná tí a fi dín in, ọkọ̀ tí ó gbé e, àti ọ̀rá òfìfo tí a jù sí ààtàn. Ó sì ju ìlọ́po méjì ìwọ̀n ìpékeré inú rẹ̀ lọ.

Carbon Trust ni àjọ tí ó fọwọ́ sí àmì náà. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó dá a sílẹ̀ ní 2001, ó sì jẹ́ kí ó dá dúró, kí ó má baà di pé ọlọ́jà fúnra rẹ̀ ni yóò máa di òṣùwọ̀n mú. Níbẹ̀ ni mo rí gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tí ó bá sì gba iye èéfín gbọ́ láti ẹnu ẹni tí ń tú èéfín nìkan, àgbà òṣìkà náà ni. Ní 2008 ni ìlànà ìṣirò tí wọ́n ń pè ní PAS 2050 jáde, ti gbogbo àgbáyé, ISO 14067, sì tẹ̀lé e.

Olùwọ̀n a máa béèrè ìwé owó iná, iye epo tí ẹ̀rọ mu, àti ìwọ̀n ajílẹ̀, nítorí pé láti ara ajílẹ̀ ni gáàsì nitrous oxide ti ń jáde, èyí tí kìlógíráàmù kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná ju ti kábọ́ọ̀nù lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 260. A sì máa wádìí ibi tí ìṣirò dúró sí, yálà ní ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ni tàbí ní ààtàn, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀tàn máa ń sá pamọ́ sí.

Ẹ wo ohun tí ìwọ̀n yìí tú fó lọ́dọ̀ Walkers. Bí ànàmọ́ bá ṣe wúwo tó ni wọ́n ń sanwó fún àgbẹ̀ nígbà náà. Àgbẹ̀ sì ń fi ẹ̀rọ rin afẹ́fẹ́ inú àká rẹ̀, kí omi má baà gbẹ lára ànàmọ́. Nígbà tí ó bá dé ilé-iṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ a tún máa jó epo láti fi lé omi kan náà jáde nínú agbada. Ẹni méjì ń náwó, wọ́n sì ń rú èéfín, nítorí omi tí ẹnikẹ́ni kò ní jẹ. Ọ̀nà ìsanwó ni ó sì bí gbogbo rẹ̀.

Ní ọdún 2007 yìí kan náà ni Tesco, ilé ìtajà ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣèlérí pé òun yóò fi iye èéfín sára gbogbo ọjà òun, tí ó tó 70,000. Nígbà tí yóò fi di 2012, ó ti jáwọ́: ọjà kan ń gba iṣẹ́ oṣù mélòó kan, àwọn ilé ìtajà yòókù kò sì bá a dá sí i. Òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Síbẹ̀, n kò bá àwọn tí ó ní iṣẹ́ náà já sí òfo kẹ́gbẹ́, nítorí pé inú ilé-iṣẹ́ ni iye náà ti ń sọ̀rọ̀ jù, kì í ṣe lórí àtẹ.

Wíwọn èéfín ti kúrò ní ọ̀ràn ìfẹ́ inú báyìí. Láti oṣù kẹwàá 2023 ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ń béèrè iye èéfín inú irin, sìmẹ́ńtì, alumíníọ́mù àti ajílẹ̀ tí ó ń ti òkèèrè wọlé, èyí tí ó bá sì wọlé láti oṣù kìíní 2026 ti di ohun tí a óò sanwó lé lórí. Ẹni tí kò bá ní ìṣirò tirẹ̀, iye tí Yúróòpù bá bù fún un ni wọn yóò lò. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ wa ní Nàìjíríà tí ń fi irú ọjà wọ̀nyí ránṣẹ́ síbẹ̀ tètè wá olùwọ̀n tí ó dá dúró, kí wọ́n sì ṣí ìwé owó iná àti epo wọn sílẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́.