Nígbà tí mọ́tò asáré ń figa gbága láàrin ìlú: ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún Mowe, Ibafo àti Ifọ̀

Ẹni tó bá dúró sí etí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn nírọ̀lẹ́, yálà ní Ibafo ni o, tàbí ní Mowe, kò ní í pẹ́ rí ohun tí à ń wí. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá ti tú báyìí, tí ojú ọ̀nà mọ́, àwọn awakọ̀ kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bára wọn figa gbága. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan yóò gba apá ọ̀tún yọ, bọ́ọ̀sì akérò kan yóò ní òun kò gbà, yóò sì tẹ iná mọ́ ọn. Kò sí ife-ẹ̀yẹ kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí adájọ́ eré. Àwọn ọmọ tó ń ti iléèwé bọ̀ ló wà níbẹ̀, àwọn ìyá tó ń kiri búrẹ́dì, àti àwọn tó fẹ́ sọdá sí òdìkejì títì.

Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà láyé tí ìdíje ọkọ̀ lórí títì tí gbogbo ènìyàn ń rìn jẹ́ ohun tí ìlú fọwọ́ sí, tí àwọn aláṣẹ ń bá wọn ṣètò, tí aráàlú sì ń pàtẹ́wọ́ fún. Kí ló bí irú eré bẹ́ẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Kí ló sì dé tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ fi kó o kúrò nígboro? Ẹni tó bá mọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí yóò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà wa dáadáa.

Ogun ló bí eré

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní ọdún 1945, gbèsè ti wọ orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́rùn. Owó dọ́là ni wọ́n nílò, nítorí náà ni ìjọba wọn ṣe rọ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ pé kí wọ́n máa tà á sókè òkun. Ọ̀kan nínú ọkọ̀ tí wọ́n kó jáde ni MG TC, mọ́tò kékeré tí kò ní ju ìjókòó méjì lọ, tí wọ́n ṣe láàrin ọdún 1945 sí 1949. Agbára ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹṣin 54 péré ni, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, ó sì máa ń gba kọ́nà bí ẹja inú omi. Àwọn sójà Amẹ́ríkà tó ti gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lákòókò ogun ti mọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fẹ́ ẹ. Ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ọkọ̀ ńláńlá tó wúwo ló pọ̀ jù.

Kí ogun tó parí pàápàá, ní ọdún 1944, àwọn ọkùnrin méje kan ti kóra jọ ní ìlú Boston, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Sports Car Club of America. Ìtọ́jú àwọn mọ́tò asáré àtijọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Òfin kan sì wà tí ẹgbẹ́ náà dì mú ṣinṣin fún ọ̀pọ̀ ọdún: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba owó nítorí pé ó sáré. Ife-ẹ̀yẹ àti iyì nìkan ni èrè. Bí agbẹjọ́rò ṣe wà nínú wọn ni oníṣòwò wà, bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe wà ni ọmọ olówó wà. Ẹlòmíràn ni yóò wa mọ́tò rẹ̀ láti ilé dé ibi ìdíje, yóò fi í sáré, yóò sì tún wà á padà sílé bí kò bá bà jẹ́.

Ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá, ọdún 1948

Akẹ́kọ̀ọ́ nípa òfin ní Yunifásítì Cornell ni Cameron Argetsinger, òun náà sì ní MG TC tirẹ̀. Òun ló mú àbá wá pé kí ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Watkins Glen, ní ìpínlẹ̀ New York, gba eré ìje mọ́tò lálejò, kí àlejò lè máa wọ ìlú, kí ọjà sì tà. Àwọn àgbà ìlú gbà. Wọ́n dí ọ̀nà tó gùn tó kìlómítà mẹ́wàá àti díẹ̀. Iwájú ilé ẹjọ́, ní àárín ìgboro gan-an, ni eré ti bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀, ọ̀nà náà gun òkè, ó gba orí afárá olókùúta, ó gba ojú ọ̀nà eléruku, ó sì kọjá lórí ojú irin kó tó sọ̀ kalẹ̀ padà wọ ìlú. Àwọn tó ni rélùwéè gbà láti dá ọkọ̀ ojú irin wọn dúró kí eré lè parí.

Ìyípo mẹ́jọ ni eré àgbà. Frank Griswold ló gbégbá orókè nínú ọkọ̀ Alfa Romeo tí wọ́n ti ṣe kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, Briggs Cunningham sì ṣìkejì. Argetsinger fúnra rẹ̀ ṣe ipò kẹsàn-án nínú MG rẹ̀. Bill Milliken dojú Bugatti rẹ̀ dé ní kọ́nà kan, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe kọ́nà náà títí di òní.

Ohun ìyanu kan ni pé lọ́jọ́ yẹn gan-an, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ń sáré ní Silverstone. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tiwọn yàtọ̀. Òfin ilẹ̀ wọn kò gba kí ẹnikẹ́ni fi títì ìlú sáré ìje, nítorí náà ni wọ́n ṣe yíjú sí pápákọ̀ òfurufú tí àwọn ológun ti pa tì lẹ́yìn ogun. Ibi tí bàálù ajubọ́ǹbù ti ń gbéra nígbà ogun ni wọ́n sọ di pápá eré.

Eré náà kò gbẹ́yìn ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọdún 1953, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje Safari ní Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tanganyika láti fi ṣe àjọyọ̀ ìgbadé Ọbabìnrin Elizabeth. Nítòsí wa níhìn-ín, ní Dakar, orílẹ̀-èdè Senegal, wọ́n ń sá eré mọ́tò láàárín ọdún 1950 sí 1960. Maurice Trintignant, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló borí níbẹ̀ lọ́dún 1956.

Ohun tó lé wọn kúrò nígboro

Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Ní Watkins Glen, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òǹwòran ló ń dúró sí etí títì, tí ó jẹ́ pé okùn tàbí ìdì koríko gbígbẹ nìkan ló wà láàrin wọn àti ọkọ̀. Ní ọdún 1950, Sam Collier, ọ̀kan nínú àwọn gbajúmọ̀ awakọ̀, kú nínú Ferrari tó ń wà. Síbẹ̀, eré ń lọ. Ní ọdún 1952 ni omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ọkọ̀ kan yà sọ́dọ̀ àwọn òǹwòran ní òpópónà àárín ìlú, ó pa ọmọ ọdún méje, ó sì ṣe àwọn mìíràn léṣe. Ọmọ náà kò bá ẹnikẹ́ni díje. Ó kàn wá wòran ni.

Látìgbà náà, eré kò tún gba àárín ìgboro Watkins Glen mọ́. Lọ́dún 1953, wọ́n gbé e lọ sí ọ̀nà oko, nígbà tó sì di ọdún 1956, wọ́n ṣí pápá ìdíje tí a kọ́ fún eré náà nìkan. Láàrin kan náà, ọ̀gágun Curtis LeMay yọ̀ǹda àwọn pápákọ̀ òfurufú ológun fún eré ẹgbẹ́ náà láti ọdún 1952 sí 1954. Ní Elkhart Lake, títì ni wọ́n ti ń sáré tẹ́lẹ̀. Pápá Road America rọ́pò rẹ̀ lọ́dún 1955. Ní Pebble Beach, àárín igi ni ọ̀nà gbà. Lẹ́yìn tí Ernie McAfee forí sọ igi tó sì kú lọ́dún 1956, pápá Laguna Seca dìde lọ́dún 1957.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Yúróòpù tún burú ju èyí lọ. Ní Le Mans, lọ́dún 1955, ọkọ̀ Mercedes kan fò wọ àárín èrò, ó pa ènìyàn tó lé ní 80. Ní Ítálì, lọ́dún 1957, táyà bẹ́ lẹ́sẹ̀ Ferrari kan lórí eré nínú ìdíje Mille Miglia. Awakọ̀ náà kú, ẹni tó jókòó tì í kú, òǹwòran mẹ́sàn-án sì bá a lọ. Ọmọdé ni márùn-ún nínú wọn. Bí ìdíje Mille Miglia ti eré àsápajúdé ṣe parí nìyẹn.

Ìṣirò tí kì í purọ́

Kí ló mú kí títì ìlú má ṣe é sáré lórí rẹ̀? Ìṣirò ni yóò dáhùn. Ọkọ̀ tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń gba bíi mítà 28 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọmọ kan bá já sójú títì lójijì, awakọ̀ yóò lo bí ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ kí ojú rẹ̀ tó rí i, kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé orí bíréèkì. Ọkọ̀ náà ti lo mítà 42 nìyẹn láì tíì rẹ eré sílẹ̀ rárá. Bíréèkì fúnra rẹ̀ yóò tún gba bí 50 mítà, bí táyà bá dára, tí títì sì gbẹ. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ibi tí bíréèkì nílò yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Bí táyà bá sì jẹ́ tòkúnbọ̀ tó ti gbó, ẹni tó bá rántí ọ̀rọ̀ Ítálì ti mọ èyí tó kù.

Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 1978, tó gùn tó kìlómítà 127 àti díẹ̀, la Ibafo àti Mowe kọjá. Lónìí, ilé àti ọjà ti yí ọ̀nà náà ká. Ifọ̀ ní tirẹ̀ wà lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, ojú irin tó dé Ìbàdàn lọ́dún 1901 sì gba ibẹ̀. Bí ẹ bá wò ó, gbogbo ohun tó wà ní Watkins Glen ló wà níhìn-ín: ojú irin, kọ́nà, ọjà, èrò etí títì. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà. Ní Watkins Glen, wọ́n dí ọ̀nà kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n kéde ọjọ́ àti àkókò, gbogbo ìlú sì mọ̀ pé ọkọ̀ ń bọ̀. Síbẹ̀, ọmọdé kú. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń sọdá kò mọ̀ pé eré ti bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe pé kò sí òfin. Wọ́n dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ lọ́dún 1988, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Kìlómítà 100 ni òfin fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lórí òpópónà márosẹ̀. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2016 ni àjọ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan lé e pé kí ọkọ̀ akérò ní ẹ̀rọ tó ń dín eré kù. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kò lè dúró ti gbogbo awakọ̀.

Eré sísá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ará Watkins Glen kò pa eré wọn tì. Pápá tí wọ́n kọ́ fún un gba ìdíje Formula One lálejò láti ọdún 1961 sí 1980. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ya eré sọ́tọ̀ kúrò lára ìrìn àjò. Ọ̀dọ́ tó bá ní ìfẹ́ sí eré mọ́tò kò jẹ̀bi, pápá ni kí àwọn aláṣẹ àti àwọn olówó ìlú wá fún un. Ṣùgbọ́n títì tí ìyá arúgbó ń sọdá kì í ṣe pápá. Àgbà tó bá sì wà nínú bọ́ọ̀sì tí awakọ̀ ń sá eré àsápajúdé, kó má ṣe dákẹ́. Ẹni tó bá rọra rìn, ọ̀nà rẹ̀ á jìn. Ẹni tó sì ń bá ikú díje, ikú kì í gba ipò kejì.