Nígbà Tí A Fi Owó Ra Owó

Ẹ kò ní tíì gbàgbé oṣù kejì ọdún 2023. Láti ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti kéde pé àwọn yóò pààrọ̀ N200, N500 àti N1,000. Wọ́n dá ọjọ́ kan, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì. Àwọn ọlọ́jà kò gba owó àtijọ́ mọ́, owó tuntun kò sì kárí. Ẹni tí ó gbéra ní Ìkìrun, tí ó fẹ́ gba Ìníṣà kọjá sí Òkukù, lè ní N100,000 ní báńkì kí ó má rí owó ọkọ̀ san.

Owó ẹyọ ni àwọn baba ńlá wa ná. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ, ẹrù alágbára ni. Ó wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní in, ọwọ́ rẹ̀ ni ó wà.

Èmi náà fi owó ra owó. Ìlà ìjókòó kan náà ni èmi àti ẹni tí ó tà á fún mi jọ ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Igba náírà ni ó gbà lórí ẹgbẹ̀rún kan. Ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá, bí àwa náà ṣe rà á nìyẹn.” N kò bá a jà. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òótọ́, nítorí àwọn oní-POS náà ń ra owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìwé Nehemáyà, orí karùn-ún. Ìyàn mú. Àwọn ènìyàn fi oko àti ilé dógò kí wọ́n lè rí ọkà jẹ, àwọn mìíràn fi ọmọ sílẹ̀ bí ẹrú. Ìwọ̀fà ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ wa kò jìnnà sí i. Àwọn tí ó ń gba èlé yìí, ará wọn ni. Ẹ wá wo iye tí Nehemáyà torí rẹ̀ bínú: ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún! Igba náírà lórí ẹgbẹ̀rún, ìdá kan nínú márùn-ún ni. (Àwọn kan tilẹ̀ gba ọ̀ọ́dúnrún.) Nehemáyà kò ní kí wọ́n lọ gbàdúrà sí i. Ó ní kí wọ́n dá a padà lọ́jọ́ náà gan-an, ó sì pe àwọn àlùfáà kí wọ́n búra níwájú wọn.

Gbogbo wa kọ́ ni a ṣe bẹ́ẹ̀ ṣá. Àwọn ìyá kan lọ́jà wọn gàrí àti èlùbọ́ fún oníbàárà, wọ́n ní, “Ẹ lọ jẹun ná, ẹ ó san án nígbà tí owó bá jáde.” Wọ́n kọ orúkọ sínú ìwé ọmọ iléèwé. N kò gbọ́ kí a dárúkọ ọ̀kankan nínú wọn níbi ìkórè. Èrè owó tí a tà ńkọ́? Ó wọ inú àpótí ọrẹ, a sì ṣe àmín sí i.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí a máa ná owó àtijọ́ lọ. A ṣì ń ná an. Ẹni tí ó ta owó fún mi ṣì ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Orúkọ tèmi náà ṣì wà nínú ìwé ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan: N500 ni ó kù. Kò bi mí rí. Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, n ó lọ san án.