Nígbà tí Ìwé Ìròyìn Méjì bá Sọ Ohun Méjì nípa Owó Ìlú

Ẹ ti mọ ìwé kà. Ẹ lè kọ orúkọ yín. Ẹ lè ka ìwé ìròyìn láì bẹ ọmọ ẹlòmíràn. Ó ku ohun kan tí a fẹ́ kọ́ ara wa nínú ìwé kékeré yìí. Ohun náà ni bí a ti ń ka ọ̀rọ̀ ìjọba àti owó ìlú.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ọkùnrin méjì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn ní kíláàsì wa. Ọ̀kan mú ìwé ìròyìn kan wá, ó ní ọ̀gá ìjọba kan ti kó owó ìlú jẹ. Èkejì mú òmíràn wá, ó ní irọ́ ni, àwọn ọ̀tá ló ń ba ọ̀gá náà lórúkọ jẹ́. Ọjọ́ kan náà ni ìwé méjèèjì jáde. Ìyá àgbà kan tí ó ń ta ẹ̀kọ wá bi mí pé, "Ọ̀gá, ẹ sọ pé bí a bá mọ̀wé, a ó mọ òtítọ́. Ìwé méjì rèé. Èwo ni ká gbà?"

N kò dá ìyá lóhùn bí ó ti yẹ lọ́jọ́ náà. Ìdáhùn mi nìyí.

Ohun tí bàbá mi sọ fún mi

Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi. Kò mọ ìwé. Ó sọ fún mi pé ní ọdún 1962, akọ̀wé kan ní abúlé wọn ló máa ń ka ìwé ìròyìn fún wọn ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan ni akọ̀wé náà. Bí ó bá kan ibi tí wọ́n ti bú ẹgbẹ́ kejì, á gbé ohùn sókè. Bí ó bá kan ibi tí wọ́n ti fẹ̀sùn kan ẹgbẹ́ tirẹ̀, á ṣí ìwé kọjá.

Bàbá mi ní, "Àwa ò mọ̀ pé ó ń fo nǹkan. Ìgbà tó pẹ́ la tó mọ̀. Owó kòkó wa ni wọ́n ń sọ níbi tó fò."

Kí ni akọ̀wé náà fò? Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a mọ irú ìwé ìròyìn tí ó wà nígbà náà.

Ìwé ìròyìn àti ẹgbẹ́ òṣèlú

Ní ayé ìgbà náà, ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìròyìn tí ó ń gbè é lẹ́yìn. Nnamdi Azikiwe dá West African Pilot sílẹ̀ ní ọdún 1937. Ìwé yìí gbè sẹ́yìn NCNC, tí a ń pè ní Ẹgbẹ́ Alákùkọ. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá Nigerian Tribune sílẹ̀ ní ọdún 1949. Ìyẹn gbè sẹ́yìn Action Group, tí a ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Nígbà tí S. L. Akíntọ́lá ń ṣe Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba rẹ̀ dá Daily Sketch sílẹ̀ ní ọdún 1964.

Àwọn ìwé wọ̀nyí ṣe iṣẹ́ rere. Wọ́n bá òyìnbó jà kí a tó gba òmìnira. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan owó ìlú, ìwé kọ̀ọ̀kan a máa rí ẹ̀bi ẹgbẹ́ kejì kedere ju ti ẹgbẹ́ tirẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹjọ́ méjì.

Ẹjọ́ kìn-ín-ní: owó báńkì ní Ìlà-Oòrùn, ọdún 1956

Ní ọdún 1956, Azikiwe ni Olórí Ìjọba Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà. Òun ló dá báńkì kan sílẹ̀ tí ń jẹ́ African Continental Bank, ó sì ní ìpín ńlá nínú rẹ̀. Ìjọba Ìlà-Oòrùn kó owó ìlú tí ó sún mọ́ £2,000,000 sí báńkì yìí. Pọ́n-ùn ni owó wa nígbà náà. Náírà kò tíì dé. Wọ́n fi £877,000 nínú owó náà ra ìpín nínú báńkì.

Ẹni tí ó tú ọ̀rọ̀ náà síta ni E. O. Eyo. Ó ti jẹ́ èèkàn nínú ẹgbẹ́ Azikiwe fúnra rẹ̀ rí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ ìwádìí. Sir Stafford Foster-Sutton, tí í ṣe Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà nígbà náà, ni alága rẹ̀.

Àwọn alátìlẹ́yìn Azikiwe ní àwọn òyìnbó ni kò fẹ́ kí ènìyàn dúdú ní báńkì. Wọ́n ní báńkì òyìnbó kì í fẹ́ yá oníṣòwò dúdú lówó. Àwọn alátakò rẹ̀ ní ó ń fi owó ìlú gbé báńkì ara rẹ̀ ró.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1957, ìwé àbájáde ìwádìí jáde. Ìgbìmọ̀ náà gbà pé Azikiwe fẹ́ kí báńkì kan wà tí yóò máa yá ènìyàn dúdú lówó. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìwà rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà kò tó ohun tí à ń retí lọ́wọ́ olóòótọ́. Ó yẹ kí ó ti yọ ọwọ́ ara rẹ̀ kúrò nínú báńkì náà kí owó ìlú tó wọ ibẹ̀. Azikiwe fi ìpín rẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọba Ìlà-Oòrùn. Ó pe ìbò ní ọdún náà, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì tún wọlé.

Ẹ wò ó dáadáa. Òtítọ́ wà lẹ́nu apá méjèèjì. A nílò báńkì dúdú lóòótọ́. Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹni tí owó ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀ máa kó o lọ sí ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti ní ìpín.

Ẹjọ́ kejì: owó kòkó ní Ìwọ̀-Oòrùn, ọdún 1962

Ní ọdún 1962, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ láàárín Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá. Ní oṣù karùn-ún, wọ́n jà nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Ìbàdàn, ìjọba àpapọ̀ sì gba àkóso Ìwọ̀-Oòrùn. Ní oṣù kẹfà, ó yan Adájọ́ G. B. A. Coker pé kí ó wádìí iléeṣẹ́ ìjọba mẹ́fà ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ọ̀kan nínú wọn ni Makẹ́tìn Bọ́ọ̀dù.

Bọ́ọ̀dù yìí ló ń gba kòkó, tí ó sì ń tà á sí òkè òkun. Kì í ṣe gbogbo owó tí òyìnbó bá san ló ń dé ọwọ́ àgbẹ̀. Bọ́ọ̀dù a máa fi lára rẹ̀ pamọ́, kí ó lè ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí owó kòkó bá wálẹ̀, kí a sì lè fi tún ìlú ṣe. Owó yìí di ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù pọ́n-ùn.

Ìwádìí Coker fi hàn pé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù pọ́n-ùn owó ìlú, pẹ̀lú owó Bọ́ọ̀dù, ti lọ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan tí ń jẹ́ National Investment and Properties Company. Àwọn èèkàn Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ni olùdarí iléeṣẹ́ náà. Láti ibẹ̀, owó ńlá bọ́ sápò ẹgbẹ́. Coker dá Awólọ́wọ̀ lẹ́bi. Ó dá Akíntọ́lá láre.

Ibi tí akọ̀wé abúlé bàbá mi ń fò nìyí.

Kí ni Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ sọ? Wọ́n ní ìditẹ̀ ọ̀tá ni. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí tirẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tí ó ń bá Ọlọ́pẹ figagbága, NPC àti Alákùkọ, ló wà nínú ìjọba àpapọ̀. Wọ́n rán ìwádìí sí Ìwọ̀-Oòrùn. Wọn kò rán irú rẹ̀ sí Àríwá tàbí Ìlà-Oòrùn ní ọdún náà. Akíntọ́lá tí wọ́n dá láre ló sì wà lórí àga Olórí Ìjọba láti òpin ọdún 1959. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ ká gbàgbé pé ìjọba Awólọ́wọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọdé ní ọdún 1955.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kò dáhùn ìbéèrè nípa owó kòkó. Bí ọ̀tá bá bi ọ́ ní ìbéèrè tí ó tọ́, ìbéèrè náà ṣì tọ́.

Ẹ má ṣe da ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ mọ́ ẹjọ́ ìdìtẹ̀ tí kóòtù fi rán Awólọ́wọ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ní 1963. Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Ìgbìmọ̀ ìwádìí kì í rán ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n. Ó ń wádìí, ó sì ń kọ ohun tí ó rí sílẹ̀.

Kí ni a rí kọ́?

Ní 1956, Ọlọ́pẹ ń béèrè ìṣirò owó, Alákùkọ ń pariwo ọ̀tá. Ní 1962, wọ́n pààrọ̀ ipò. Kì í ṣe pé gbogbo ohun tí wọ́n wí ni irọ́. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń sọ.

Alátakò wúlò fún ìlú. Òun ló ń tú ohun tí ìjọba fẹ́ bò síta. Nítorí náà, ẹ máa ka ìwé rẹ̀. Àmọ́ àwọn àgbà wa ní, agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Ta ni ó sì pàdánù? Àgbẹ̀ Ọlọ́pẹ àti àgbẹ̀ Alákùkọ ló jọ ta kòkó fún Bọ́ọ̀dù. Owó àwọn méjèèjì ló jọ lọ.

Ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ lónìí

Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ní Ọ̀dítọ̀ Àgbà gbọ́dọ̀ yẹ ìwé owó ìjọba àpapọ̀ wò, kí ó sì kó àbájáde rẹ̀ fún àwọn aṣòfin. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Ọ̀dítọ̀ Àgbà tirẹ̀.

Ní ọdún 2011, a tún ṣe òfin kan tí àwọn ènìyàn ń pè ní FOI. Òfin yìí ní ẹnikẹ́ni lè béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, láì sọ ìdí tí ó fi ń béèrè. Wọ́n gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín ọjọ́ 7. Wọ́n lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un bí iṣẹ́ náà bá pọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ lè gba kóòtù lọ láàárín ọjọ́ 30. Àwọn ìwé kan wà tí òfin fi pamọ́, bí i ti ààbò ilẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwé owó ló ṣí sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn láti béèrè fún òun. Ní ọdún 2025, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé òfin yìí de ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú.

Bí ẹ bá ń ka ìròyìn owó ìlú

Ìròyìn kò dúró sórí ìwé mọ́ báyìí. Ó ń wá lórí fóònù. Ọ̀nà kan náà ni kí ẹ fi wò ó. Ẹ béèrè nǹkan márùn-ún:

1. Ta ló ń sọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ wo ló sì ń gbè?
2. Èló ni owó náà, ọdún wo ló sì lọ?
3. Ìwé wo ló fi hàn? Ta ló fọwọ́ sí i?
4. Ṣé wọ́n jẹ́ kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn fèsì?
5. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ tèmi ló ṣe é, ṣé bí mo ti ń sọ yìí ni n ó sọ?

Ìkarùn-ún ló le jù. Òun ni akọ̀wé abúlé bàbá mi kò lè dáhùn.

Ìyá ẹlẹ́kọ, ìdáhùn mi rèé. Ẹ má gba èyí, ẹ má gba ìyẹn. Ẹ ka méjèèjì tán, kí ẹ wá béèrè ìwé owó. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ojú ìwé kọjá fún yín mọ́.

Ìbéèrè

1. Kí ni akọ̀wé máa ń ṣe bí ó bá kan ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀?
2. Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín ìgbìmọ̀ ìwádìí àti kóòtù?
3. Ọjọ́ mélòó ni iléeṣẹ́ ìjọba ní láti dáhùn ẹni tí ó bá béèrè ìwé?
4. Ẹ mú ìròyìn kan tí ó yin ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ràn. Ẹ bi í ní ìbéèrè márùn-ún òkè yìí ní kíláàsì.