Ààlà Tí Ó Ya Mùṣín Nípa sí Sùúrùlérè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí Mùṣín, Yábàá tàbí Sùúrùlérè ni ó mọ ọ́fíìsì káńsù àdúgbò rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò mọ bí ààlà tí ó ya àdúgbò kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì ṣe débẹ̀. Ààlà yìí kan náà ni ó ń sọ káńsù tí yóò tún gọ́tà ṣe àti èyí tí yóò gba owó lọ́wọ́ ọlọ́jà.

Ní ayé àtijọ́, àwọn Àwórì ni ó ni ilẹ̀ yìí. Ìdílé Olótò, tí ó wà lára àwọn ìjòyè Ìdẹ̀jọ, ni onílẹ̀ Ẹ̀bútè-Mẹ́ta. Odò, ipa ọ̀nà àti igi pèrègún ni àwọn baba fi ń mọ ààlà oko. Èṣù ni ó ni oríta. Títí di òní ni orúkọ Ojúẹlẹ́gba ń rán ènìyàn létí ojúbọ Ẹlẹ́gbára tí ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ilẹ̀ dá oko, ọ̀dọ̀ onílẹ̀ ni yóò lọ, yóò sì máa san ìṣákọ́lẹ̀. Kò sí ohun tí ó ń jẹ́ káńsù.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni ààlà orí ìwé ti ń gorí ààlà pèrègún. Nígbà tí wọ́n lé àwọn Kristẹni kúrò ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1867, Gómìnà Glover fún wọn ní ilẹ̀ ní Ẹ̀bútè-Mẹ́ta. Àrùn tí eku ń kó ran ènìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1924, èyí sì mú kí ìjọba dá àjọ LEDB sílẹ̀ ní ọdún 1928 láti tún ìlú ṣe. Àjọ yìí ni ó fi ètò la ilẹ̀ Yábàá. Láti ọdún 1955, ó ń wó ilé àtijọ́ ní àárín Èkó, ó sì ń kó àwọn onílé àti ayálégbé lọ sí Sùúrùlérè.

Ṣùgbọ́n ààlà tí ó dun ènìyàn jù ni ti ọdún 1954. Òfin ọdún 1951 ti da Èkó pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn, àríyànjiyàn sì gbóná. Àwọn tí kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ké pé gẹ̀dẹ̀gbẹ́ l'Èkó wà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1954, Èkó kúrò lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn, ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Yábàá àti Sùúrùlérè bá a lọ. Mùṣín, tí ó fi ara kan wọn, kò bá a lọ: Ìbàdàn ni a ti ń ṣe òfin rẹ̀. Ẹni tí ó ń sùn ní Mùṣín lè máa ṣiṣẹ́ ní Èkó lójoojúmọ́, síbẹ̀ kí ó jẹ́ ará Ìwọ̀-Oòrùn. Ibi tí ààlà dé ni ètò LEDB dúró sí. Àwọn tí apá wọn kò ká owó ilé ní Èkó ń wọ́ lọ sí Mùṣín. Onílẹ̀ ń gé ilẹ̀ tà, ilé sì ń ṣíwájú ọ̀nà.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 1967, nígbà tí ìjọba Gowon dá ìpínlẹ̀ 12 sílẹ̀, ni Mùṣín àti Sùúrùlérè tún bọ́ sábẹ́ ìjọba kan náà, Ìpínlẹ̀ Èkó. Àtúnṣe ọdún 1976 sì sọ ìjọba ìbílẹ̀ di ọ̀kan náà jákèjádò Nàìjíríà. Ní ọdún 1980, Gómìnà Jakande sọ ti Èkó di 23. Nígbà tí àwọn ológun padà dé, wọ́n fagi lé e. Nígbà tí ó fi di ọdún 1996, iye wọn ti di 20. Mùṣín, Sùúrùlérè àti Mainland, tí Yábàá wà nínú rẹ̀, wà lára wọn. Ogún yìí ni ìwé òfin ọdún 1999 dárúkọ.

Ní ọdún 2003, Gómìnà Tinubu fi 37 kún un. Odi-Olówó/Ojúwòyè jáde lára Mùṣín. Ìtirẹ̀-Ìkátẹ̀ àti Coker-Àgùdà jáde lára Sùúrùlérè. Yábàá jáde lára Mainland. Ìjọba àpapọ̀ dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró. Ní oṣù kejìlá ọdún 2004, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ dájọ́ pé Ààrẹ kò ní àṣẹ láti dá owó náà dúró. Ó sì ní ìpínlẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n pé èyí tí Èkó dá kò tíì múlẹ̀ títí àwọn aṣòfin àpapọ̀ yóò fi ṣe ipa tiwọn.

Ní oṣù keje ọdún 2025, gbogbo káńsù 57 ni wọ́n dìbò fún ní Èkó, bẹ́ẹ̀ ni 20 péré ni ó wà nínú ìwé òfin. Nítorí náà, ará Yábàá tí ó ń bèèrè ọ̀nà tí ó dára ń bèèrè lọ́wọ́ káńsù tí ó dìbò yàn, ṣùgbọ́n tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé tí a fi ń pín owó.

Nígbà tí pèrègún ń ṣọ́ ààlà, ẹni tí ó bá ní ẹ̀dùn ọkàn mọ onílẹ̀ tí yóò tọ̀ lọ. Kí ẹ̀yin olùkọ́ kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn yìí, kí àwọn náà lè mọ ilẹ̀kùn tí ó yẹ kí wọ́n kàn. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran.