Ẹja Ńlá Inú Adágún Ilẹ̀ Òtútù

Ẹni tí kò dé ilẹ̀ òtútù rí lè ṣòro fún láti gbà gbọ́ pé adágún omi lè dì gbagidi bí àpáta, tí ènìyàn yóò máa rìn lórí rẹ̀, tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pàápàá yóò máa gba orí rẹ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí lọ́dọọdún ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Minnesota àti Wisconsin, àti ní Ontario ní ilẹ̀ Kánádà. Síbẹ̀, ẹja ń bẹ láàyè lábẹ́ omi dídì náà, tí wọ́n ń retí ìgbà ooru. Ọ̀kan nínú wọn ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́sẹ̀ yìí, èyí tí à ń pè ní báàsì ẹlẹ́nu ńlá. Ìbéèrè tí àwọn apẹja ibẹ̀ sì ti ń bi ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́ ni èyí: báwo ni ẹja yìí ti lè tóbi tó nínú omi tí ó tutù tó bẹ́ẹ̀?

Ẹja náà ní àwọ̀ ewé lẹ́yìn, ikùn rẹ̀ funfun, ìlà dúdú kan sì là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá títí dé ìrù. Ẹnu rẹ̀ ni ó fún un lórúkọ, nítorí pé ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìgun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi kọjá ẹ̀yìn ojú. Ẹja kéékèèké, edé odò àti ọ̀pọ̀lọ́ ni oúnjẹ rẹ̀, bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ bá sì ṣe àìṣọ́ra, a máa gbé e mì pẹ̀lú.

Kí a tó sọ ti àríwá, ó yẹ kí a mọ bí ó ti ń tóbi tó níbi tí oòrùn ti ń mú. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ọdún 1932, ọ̀dọ́mọkùnrin àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ George Perry pa ọ̀kan ní adágún Montgomery ní ìpínlẹ̀ Georgia, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ pọ́ùn 22 àti áúnsì 4. Èyí tó kìlógíráàmù mẹ́wàá, bí ẹni gbé ọmọ tí ó ti pé ọdún kan dání. Ọdún ìṣòro ni ọdún náà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n wọn ẹja náà tán, ilé ni ó gbé e lọ, àwọn ará ilé rẹ̀ sì jẹ ẹ́. Ọdún 77 kọjá kí ẹnikẹ́ni tó bá a dọ́gba. Ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 2009, Manabu Kurita mú ọ̀kan ní adágún Biwa ní ilẹ̀ Japan, tí ó fi díẹ̀ tí kò tó áúnsì kan ju ti Perry lọ. Nítorí pé òfin àwọn tí ń ṣe àkọsílẹ̀ béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, a kọ orúkọ àwọn méjèèjì papọ̀.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a lọ sí àríwá. Ní adágún Ripley ní Wisconsin, a mú ọ̀kan ní ọdún 1940 tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ pọ́ùn 11 àti áúnsì 3. Ní Minnesota, níbi tí òtútù gbé le jù, èyí tí ó gba ipò kìíní ní ọdún 2005, láti inú adágún Auburn, jẹ́ pọ́ùn 8 àti áúnsì 15. Kò tó ìdajì ẹja Perry. Lóòótọ́, a mú èyí tí ó tó pọ́ùn 15 àti áúnsì 8 ní Massachusetts ní ọdún 1975, ṣùgbọ́n etí òkun ni ìpínlẹ̀ náà wà, òtútù ibẹ̀ kò sì le tó ti Minnesota.

Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Ẹja kò ní iná nínú ara bí àwa ènìyàn; bí omi bá ti rí ni ara rẹ̀ ń rí. Ìgbà tí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi dígírì 25 lórí ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, ni báàsì ń jẹun dáradára tí ó sì ń dàgbà. Bí omi bá tutù ju dígírì 10 lọ, oúnjẹ kò fi bẹ́ẹ̀ wù ú mọ́. Ní ìgbà òtútù gan-an, a sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ adágún, a sì rọra dúró síbẹ̀. Ìsàlẹ̀ náà kì í dì, nítorí pé omi tí ó wà ní dígírì 4 ni ó wúwo jù lọ. Òun ni ó ń rì sísàlẹ̀, tí èyí tí ó tutù jù ú lọ fi ń wà lókè tí ó sì ń dì. Bí a kò bá rí i bẹ́ẹ̀, adágún ìbá máa dì láti ìsàlẹ̀ wá, ẹja ìbá sì ṣòro láti rí nínú rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ẹja Florida ń jẹun tí ó sì ń dàgbà fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún, oṣù díẹ̀ péré ni ti Minnesota ní. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni ìyà náà sì ń jẹ jù. Ìgbà tí omi bá ń lọ́ bọ̀ lẹ́yìn òtútù ni ìyá ń yé ẹyin. Akọ ni ó ń gbẹ́ ìtẹ́ tí ó sì ń ṣọ́ ẹyin àti ọmọ. Ọmọ tí kò bá dàgbà tó, tí kò sì kó ọ̀rá tó sára kí òtútù tó dé, kì í sábà rí ọdún tí ń bọ̀.

Àwọn kan rò pé ọ̀nà àbùjá wà, pé kí a kó irú ẹja Florida lọ sí àríwá. A dán an wò ní ìpínlẹ̀ Illinois. Òtútù pa àwọn àlejò náà ju àwọn onílé lọ. Ẹni tí ilẹ̀ bí ni ó mọ ojú ọjọ́ ilẹ̀ náà.

Báwo wá ni ẹja àríwá ṣe ń di ńlá? Ọjọ́ orí ni. Òkúta wẹ́wẹ́ kan wà nínú orí ẹja, tí òrùka kún un lọ́dọọdún bí ti igi. Láti ara rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi ń ka ọjọ́ orí rẹ̀. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1994 sọ ti báàsì kan ní ìpínlẹ̀ New York tí ó ti pé ọdún 23. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, díẹ̀díẹ̀ náà sì ni báàsì àríwá ń fi kún ara rẹ̀. Èyí tí ó bá tóbi púpọ̀ níbẹ̀ sábà máa ń ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, abo ni ó sì sábà máa ń jẹ́.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ènìyàn. Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Ẹja tí ó tóbi ní ilẹ̀ òtútù, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú kan tó láti pa á, ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí lónìí yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀dọ́ kí òmíràn tó gba ipò rẹ̀. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ apẹja ibẹ̀ ṣe ń wọn àgbà ẹja tí wọ́n bá mú, tí wọ́n ń fi ọwọ́ tútù gbé e nílẹ̀ abẹ́ ikùn, tí wọ́n sì ń dá a padà sínú omi kíákíá. Àwọn kéékèèké ni wọ́n ń gbé lọ sílé fún ọbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣọ́ra fún akọ tí ó wà lórí ìtẹ́, nítorí bí a bá gbé e kúrò fún ìgbà díẹ̀ pàápàá, àwọn ẹja mìíràn a wá jẹ àwọn ẹyin náà.

A kò dá Perry lẹ́bi. Ebi ń pa ilé rẹ̀, ilẹ̀ ooru ni ó sì wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti yó, tí ó sì wà ní ilẹ̀ òtútù, ó yẹ kí ó rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Bí àwọn ọmọ nínú ilé bá bi yín léèrè pé báwo ni báàsì àríwá ti lè tóbi tó, ẹ dá wọn lóhùn pé: bí wọ́n bá ti jẹ́ kí ó pẹ́ láyé tó ni.